Lẹ́tà sí Ìyá Ìbejì ní Libreville, lórí ẹni tí yóò máa kọ́ ọ ní eré ìdárayá

Àjàṣẹ́, ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀

Ìyá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí bàbá àwọn ọmọ, mo sì kí àwọn ìbejì. Ara gbogbo wa le níbí, a dúpẹ́. Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ sí mi, pé dókítà ní kí o máa ṣe eré ìdárayá nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, àti pé ọ̀nà méjì ni ilé eré ìdárayá àdúgbò yín fi lọ̀ ọ́: yálà kí kóòṣì kan máa kọ́ ìwọ nìkan, tàbí kí o dara pọ̀ mọ́ àwọn mẹ́ta mìíràn lọ́dọ̀ rẹ̀. O ní ọkàn rẹ ń fà sí ti àkọ́kọ́, nítorí pé òun ni ó wọ́n jù. Èrò tèmi yàtọ̀, mo sì fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún ọ dáadáa.

Ojú kóòṣì ni à ń san owó fún. Ibi gbogbo ni ènìyàn ti lè gbé irin, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè rí ẹ̀yìn ara rẹ̀. Níbi tí mo ń lọ ní itòsí ọjà Wàńdò, nígbà tí mo ń kọ́ bí a ti ń lóṣòó pẹ̀lú irin léjìká, kóòṣì wa kò fi nǹkan kan kún irin mi títí ó fi yí mi ká. Ó rí i pé bí mo bá ti ń lọ sísàlẹ̀ ni gìgísẹ̀ mi ń kúrò nílẹ̀, tí orúnkún mi méjèèjì sì ń fà sọ́dọ̀ ara wọn. Ó fa àga kékeré kan sẹ́yìn mi, ó ní kí n máa rọra sọ̀ kalẹ̀ títí ìdí mi yóò fi kàn án, kí n ti orúnkún síta, kí n tó dìde. Irú àtúnṣe yìí kò ṣeé ṣe láàárín èrò. Níbòmíràn tí mo ti kọ́kọ́ lọ nílùú yìí, ńṣe ni a pọ̀ bí èrò ọjà tí a ń fò sí orin, orúnkún obìnrin kan sì wú kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé kò fi ẹsẹ̀ balẹ̀ bí ó ti yẹ. Nítorí náà, ó yé mi bí o bá ń sá fún èrò.

Ṣùgbọ́n ẹni mẹ́rin kì í ṣe èrò. Wo bí wákàtí kan ti ń lọ: bí o bá gbé irin bí ìgbà mẹ́wàá, iṣan rẹ nílò ìsinmi ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, kódà jù bẹ́ẹ̀ lọ bí irin náà bá wúwo, kí o tó tún gbé e. Bí ìwọ nìkan bá wà níbẹ̀, púpọ̀ nínú wákàtí tí o sanwó rẹ̀ ni ìwọ àti kóòṣì yóò fi dúró, tí ẹ óò máa wo ara yín. Lọ́dọ̀ kóòṣì tiwa, nígbà tí mo bá ń sinmi, olùkọ́-fẹ̀yìntì tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ni ó ń gbé tirẹ̀, ojú kóòṣì sì wà lára rẹ̀. Bí ó bá fi máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó ti kàn mí. Bí ènìyàn bá ti kọjá mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀ ni ojú kan kì í lè kárí mọ́.

Ọ̀rọ̀ owó náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ahun. Lọ́dún 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kí àgbàlagbà máa ṣe ìdárayá ìwọ̀ntúnwọ̀nsì fún ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀, kí ó sì fi ó kéré tán ọjọ́ 2 lọ́sẹ̀ ṣe èyí tí ń mú iṣan lágbára. Ká ní kóòṣì ń gba 10,000 fràǹkì lọ́wọ́ ẹni tí ó dá wá, tí ó sì ń gba 4,000 lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ẹni mẹ́rin. Owó tí yóò gbé ọ lọ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ yóò gbé ọ lọ lẹ́ẹ̀mejì, yóò sì ṣẹ́ kù, bẹ́ẹ̀ ni kóòṣì fúnra rẹ̀ yóò gba 16,000 ní wákàtí kan náà. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ kò tó fún iṣan, bí ó ti wù kí kóòṣì náà mọṣẹ́ tó.

Ọ̀rọ̀ ẹlẹgbẹ́ náà wà níbẹ̀. Ọmọ Faransé kan, Max Ringelmann, tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1913 pé bí àwọn tí ń fa okùn kan náà bá ti ń pọ̀ sí i ni agbára tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń lò ń dín kù. Ní àwọn ọdún 1920, Otto Köhler ti Jámánì sì rí òdìkejì rẹ̀ lára àwọn tí ń fi àjẹ̀ tu ọkọ̀ ojú omi ní Berlin: ẹni tí agbára rẹ̀ kéré a máa tiraka ju bí ó ti ń ṣe nígbà tí ó dá wà, pàápàá bí ẹni tí wọ́n jọ ń ṣe é bá jù ú lọ níwọ̀nba. Lójú tèmi, àwọn méjèèjì ni ó tọ̀nà. Níbi tí a kò bá ti mọ iṣẹ́ ẹnì kan yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn, a ó dẹ ọwọ́. Níbi tí irin kálukú bá ti jẹ́ tirẹ̀, tí kóòṣì sì ń kọ iye rẹ̀ sínú ìwé, ojú yóò máa ti ènìyàn láti yẹ̀. Nítorí náà, béèrè bóyá ìwé tìrẹ yóò wà lọ́tọ̀. Bí ẹni mẹ́rin bá ń gbé ohun kan náà ní iye kan náà, aṣọ ẹgbẹ́jọdá tí wọn kò wọn ẹnikẹ́ni kí wọ́n tó gé e ni. Má ṣe sanwó rẹ̀.

Ní ti ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ, ibẹ̀ ni mo ti fara mọ́ ọ díẹ̀. Jẹ́ kí kóòṣì kọ́ ìwọ nìkan fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, títí tí wàá fi mọ bí a ti ń lóṣòó, bí a ti ń gbé nǹkan nílẹ̀, àti bí a ti ń mí. Má ṣe sé èémí mọ́nú nígbà tí o bá ń gbé irin, nítorí ó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ru sókè lójijì. Máa mí síta bí o ti ń gbé e sókè. Bi dókítà léèrè pẹ̀lú bóyá oògùn rẹ wà lára àwọn tí ń dín ìlù ọkàn kù, torí pé bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, aago ọwọ́ tí ń ka ìlù ọkàn kò ní sọ òótọ́ fún ọ. Ohun tí wàá fi wọn ara rẹ ni pé kí o lè sọ̀rọ̀ bí o ti ń ṣe é, ṣùgbọ́n kí o má lè kọrin. Lẹ́yìn náà, lọ bá àwọn mẹ́ta yẹn. Bí kóòṣì kan bá sì gba owó rẹ láìbéèrè nípa ẹ̀jẹ̀ ríru, iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi gbẹ̀bí àwọn ìbejì, àti oògùn tí o ń lò, jọ̀ọ́, kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ì báà jẹ́ ìwọ nìkan ni ó fẹ́ máa kọ́.

Bí wọ́n bá ti dá ọ lóhùn, fi ohùn ránṣẹ́ sí mi kí o tó san owó kankan.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Ìyá Sákírù