Àkànní, o kú àjò

Ìjẹ̀bú-Òde

Àkànní ọ̀rẹ́ mi,

Mo rí àwòrán tí o fi ránṣẹ́, èyí tí o yà níwájú òtẹ́ẹ̀lì Mammy Yoko ní Freetown, ní Sierra Leone níbẹ̀ yẹn, tí o kó ọwọ́ sápò bí ẹni tó ni ilé. Ẹ̀rín pa mí. Àmọ́ ṣé o mọ̀ pé ọmọ ìlú wa kan ti fi ibẹ̀ ṣe ọ́fíìsì rí? Ibẹ̀ ni UNAMSIL, àwọn ọmọ ogun àlàáfíà tí àjọ UN kó wá, fi ṣe ibùjókòó, Ańbásádọ̀ Olúyẹmí Adéníji sì ni ọ̀gá wọn pátápátá.

Ohun tó jẹ́ kí n rántí rẹ̀ ni ìnáwó kan tí a lọ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ń pe àwọn èèyàn jàǹkàn sórí ìjókòó, wọ́n pe ańbásádọ̀ mẹ́ta. Òṣèlú ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta! Wọn ò rí ipò tí wọ́n ń wá, ni wọ́n bá fi oyè yẹn rẹ̀ wọ́n lẹ́kún. Adéníji kì í ṣe irú wọn. 1960 ló wọ iṣẹ́ náà, ọdún òmìnira gan-an, ó sì ṣe aṣojú wa ní Austria, Switzerland àti Faransé. Mi ò ní fi ìyẹn dá ẹ dúró, torí pé àpèjẹ àti ìbọ̀wọ́ pọ̀ nínú ẹ̀, ká má parọ́.

Ọ̀rọ̀ ohun ìjà ni mo fẹ́ sọ. Òun ló jẹ́ ààrẹ ìpàdé àgbáyé tí wọ́n ti ṣe àdéhùn ní Geneva, ní October 1980, lórí àwọn ohun ìjà tó ń dáni lóró kọjá ààlà: bọ́ǹbù tí wọ́n ń rì mọ́lẹ̀, èyí tó ń jó èèyàn, àti èyí tí àfọ́kù rẹ̀ máa wọra tí X-ray ò ní rí i. Àsìkò tí Amẹ́ríkà àti Rọ́ṣíà ò fẹ́ rí ara wọn sójú ni o! Kí ọmọ Ìjẹ̀bú jókòó láàárín wọn, kó máa yí gbólóhùn kan sọ́tùn-ún sósì títí gbogbo wọn á fi lè gbé e mì. Ó tún bá wọn ṣiṣẹ́ gan-an lórí àdéhùn Pelindaba, tó ní kí bọ́ǹbù átọ́míìkì má wọ Áfíríkà. Cairo ni wọ́n ti buwọ́ lù ú ní 1996.

Ìwé ni gbogbo ìyẹn. Ní Freetown, ìbọn gidi ló bá pàdé.

Ọmọ ọdún 65 ni nígbà tó débẹ̀ ní ìparí 1999. Àdéhùn Lomé, tí wọ́n fi fẹ́ parí ogun abẹ́lé Sierra Leone, ti gbé Foday Sankoh, olórí àwọn ọlọ̀tẹ̀, sí ipò igbákejì ààrẹ, ó tún fi ọ̀rọ̀ dáyámọ́ǹdì sí i níkàáwọ́. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni Adéníji ní láti máa bá ṣèpàdé. May 2000, àwọn ọmọ ogun Sankoh kó nǹkan bí 500 ọmọ ogun UN nígbèkùn, ayé sọ UN di yẹ̀yẹ́. Kò pẹ́ ni ìwé ọ̀gágun ará Íńdíà tó ń darí àwọn ọmọ ogun náà tú síta: ó ní àwọn ọ̀gá ọmọ Nàìjíríà, Adéníji pẹ̀lú, ń ba iṣẹ́ jẹ́ lábẹ́lẹ̀. Nàìjíríà ní irọ́ ni. Íńdíà kó ọmọ ogun rẹ̀ lọ sílé. Adéníji ò lọ. Mi ò sí níbẹ̀, mi ò lè dá ẹjọ́ wọn, àmọ́ ká ní èmi ni, ọkọ̀ òfuurufú tó bá kọ́kọ́ gbéra ni mi ò bá bá lọ.

Ìgbà tí ọmọ ogun UN pé 17,500 ni ọ̀rọ̀ tó yí. Ẹni tó bá gbé ìbọn wá, wọ́n á ní kó tú AK rẹ̀ palẹ̀, kó tún un tò pa dà lójú wọn, kí ẹnikẹ́ni má lọ yá ìbọn oníìbọn torí owó táṣẹ́rẹ́ tí wọ́n ń pín fún ẹni tó bá jọ̀wọ́ ìbọn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọdé wà lára wọn, Àkànní. Àwọn tó gbé ìbọn sílẹ̀ lé ní 70,000. Ní January 2002, wọ́n dáná sun ìbọn ní Lungi níbẹ̀ yẹn, Ààrẹ Kabbah sì kéde pé ogun ti parí.

Ibi tó ká mi lára rèé. July 2003, Ọbásanjọ́ fi í ṣe mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè. Oṣù tó tẹ̀ lé e, Nàìjíríà gba Charles Taylor, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ipò ààrẹ Liberia sílẹ̀, sí Calabar, Taylor kan náà tí Sankoh fẹ̀yìn tì! Àdéhùn ni, kó lè kúrò ní Monrovia kí ìjà rọlẹ̀. Ẹni tó fi bí ọdún mẹ́rin gba ìbọn lọ́wọ́ àwọn ọmọ Sankoh ló wá di mínísítà ìjọba tó gba ọ̀gá wọn lálejò. Wọ́n ní bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ó jẹ́ ẹ. March 2006 ni wọ́n mú Taylor ní ẹnubodè Gamboru níbi tó ti ń sá lọ, ó sì di ọwọ́ ilé ẹjọ́ ní Freetown yín. Adéníji ṣì wà lórí àga mínísítà lọ́jọ́ yẹn. Mo máa ń rò ó pé báwo ló ṣe sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. November 2017 ló kú.

O ní ọ̀kadà lo ń gùn lọ síbi iṣẹ́, pé orúkọ tí àwa ń pè é làwọn náà ń pè é. Púpọ̀ nínú àwọn tó kọ́kọ́ ń fi í ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ogun ló jẹ́ pé wọ́n gbé ìbọn rí. Bí o bá rí àgbà ọlọ́kadà kan tó ṣeé bá sọ̀rọ̀, bá mi bi í bóyá ó mọ Adéníji. Mi ò rò pé ó mọ̀ ọ́n, àmọ́ bá mi bi í.

Ìyá rẹ ń kí ẹ. Gàrí tí o ní kí n rà ti wà nílẹ̀, ẹni tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín ni mò ń wá.

Èmi ni,
Àjàní