Bí Wọ́n Bá Ní Kí O Júwe Géèmù fún Àwọn

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Sàláámù àlékúmù. Mo dúpẹ́ pé o padà dé Ọ̀fà láyọ̀. Gbogbo wa nílé wà dáadáa. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò fẹ́ bá ọ sọ lójú àwọn oníbàárà nígbà tí o wá ṣọdún Iléyá, òun ni mo jókòó kọ sí ọ yìí.

O rántí ìyá tó fa ọmọ rẹ̀ ọkùnrin lọ́wọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù wa ní Gáà-Akánbí lọ́jọ́ kejì ọdún. Ó ní ọmọ òun pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, wọ́n ra ẹ̀rọ géèmù PS4 fún un, géèmù wo ni kí òun rà sí i? Ọ̀rọ̀ ò tíì tán lẹ́nu rẹ̀ tí o fi dá a lóhùn pé, "GTA V ni o, mà, òun ló gbòde." Èmi ń tún páàdì tí wọ́n fi ń gbá géèmù ṣe lẹ́yìn káńtà, mo gbọ́ ọ. Géèmù náà dára lóòótọ́. Láti 2013 tó ti jáde, wọn ò tíì ṣíwọ́ gbígbá a. Ṣùgbọ́n 18 ló wà gàdàgbà lára páálí rẹ̀, ìwọ náà sì mọ̀ ọ́n. PEGI ló ń kọ nọ́ńbà yẹn sára géèmù tó bá ti Yúróòpù wá: 3, 7, 12, 16, 18, kí òbí lè mọ ọjọ́ orí tó tọ́ sí i. Tó bá jẹ́ ti Amẹ́ríkà, lẹ́tà M lo máa rí. Ìyá yẹn ò mọ̀ ọ́n. Ìwọ tó mọ̀ ọ́n lo yẹ kó sọ fún un. Àní o ò bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo, ìyẹn gan-an ló dùn mí.

Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ibi tí oníbéèrè ń lọ. Ẹni tó bá wá bá ọ, géèmù tó máa bá òun mu ló ń wá, kì í ṣe èyí tí ìwọ fẹ́ràn jù. Nítorí náà, gbọ́ tẹnu rẹ̀ ná. Kí ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, fóònù ni àbí PS? Ààyè mélòó ló kù nínú rẹ̀? Ṣé ó ń rí dátà rà? Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Red Dead Redemption 2 dùn, ẹ̀rí mi ni, ṣùgbọ́n CD méjì ló ní lórí PS4, ó sì ń gba nǹkan bí 100GB. Ẹni tó ní 500GB péré, tí bọ́ọ̀lù àti ìjà ti kún un, ibo ni yóò kó o sí? Bó bá tún wá jẹ́ pé dátà fóònù ni yóò fi gba ìyókù, gbèsè lo júwe fún un yẹn.

Lẹ́yìn ìyẹn, wo irú ẹni tó jẹ́ àti àkókò tó ní. Nọ́ọ̀sì kan máa ń yà sí ṣọ́ọ̀bù wa bó bá ti ibi iṣẹ́ alẹ́ bọ̀, ojú rẹ̀ á ti pọ́n. Ó ní òun fẹ́ nǹkan tí òun á fi sinmi. Àwọn ọmọkùnrin tó wà níjókòó fẹnu kò pé Elden Ring ni, wọ́n ní bí kò bá tíì gbá ìyẹn, kò tíì gbá géèmù. Géèmù tó jáde ní 2022 tí kò fún ẹnikẹ́ni láyè láti yan èyí tó rọrùn, tí ọ̀tá kan lè pa ọ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́! Mo ní kó fi Stardew Valley sórí fóònù rẹ̀. Ẹnìkan ṣoṣo, Eric Barone, ló dá a ṣe, ó sì gbé e jáde ní 2016. Oko lo máa ro nínú rẹ̀, wàá gbin nǹkan, wàá pa ẹja, wàá bá ará abúlé sọ̀rọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lèèyàn ń ra á, kò sì nílò dátà láti gbá a. Mo sọ àbùkù rẹ̀ fún un pẹ̀lú, pé ọwọ́ rẹ̀ kì í yá níbẹ̀rẹ̀, ó sì lè sú ẹni tó fẹ́ràn ìjà. Jọ̀wọ́, máa sọ àbùkù géèmù mọ́ dáadáa rẹ̀, pàápàá èyí tí o fẹ́ràn.

Ọ̀rọ̀ owó wà níbẹ̀. Má pe géèmù ní ọ̀fẹ́ kí o dákẹ́ síbẹ̀. Bí ọmọdé bá ní òun fẹ́ gbá Ultimate Team tó wà nínú géèmù bọ́ọ̀lù FC, FIFA àtijọ́, sọ fún òbí rẹ̀ pé àwọn páàkì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń fi owó gidi rà, èèyàn kì í sì í mọ agbábọ́ọ̀lù tó máa bọ́ sí i lọ́wọ́ àfi tó bá ṣí i. Ní 2018, àwọn tó ń mójú tó tẹ́tẹ́ ní Belgium sọ pé irú rẹ̀ tako òfin tẹ́tẹ́ ilẹ̀ àwọn. Nígbà tó di 2019, EA, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe géèmù náà, ṣíwọ́ títa FIFA Points, owó inú géèmù tí wọ́n fi ń ra páàkì yẹn, níbẹ̀. Ìwọ mọ ojú tí a fi ń wo tẹ́tẹ́ nílé wa. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba ẹnu rẹ débẹ̀ láìmọ̀.

Géèmù kan tàbí méjì tó, má ka mẹ́wàá sílẹ̀ fún èèyàn. Èyí tí o ò tíì gbá, sọ pé o ò tíì gbá a. Má sọ ìparí ìtàn rẹ̀. Bí àgbàlagbà bá sì pe FC ní FIFA, mú un fún wọn. Látìgbà tí EA ti yí orúkọ yẹn padà ní 2023, mi ò tíì rí oníbàárà tí kò mọ ohun tó ń béèrè. Bí wọ́n bá gbá èyí tí o júwe tí kò dùn mọ́ wọn, má bá wọn jà, má sì sọ pé wọn ò mọ̀ ọ́n gbá.

O ní ọmọ yàrá rẹ ń bẹ̀ ọ́ pé kí o wá géèmù sí láptọ́ọ̀pù òun. Wo RAM rẹ̀, ìyẹn ìrántí tó fi ń ṣiṣẹ́, àti ààyè tó kù nínú rẹ̀ kó o tó dá a lóhùn, kó o sì bi í bóyá òun nìkan ni yóò máa gbá a, àbí ẹ̀yin méjèèjì. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin méjèèjì, pè mí. Páàdì méjì tí mo ti tún ṣe wà níbí, mo lè fi rán awakọ̀ Ọ̀fà sí ọ lọ́jọ́ Sátidé. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ, ó ní òun máa kó gàrí àti kúlíkúlí mọ́ ọn.

Èmi ni bàbá rẹ,
ní Ìlọrin.