Bí O Ṣe Máa Wo Ergo Proxy

Kọ́lá ọ̀rẹ́ mi,

O kú òtútù Leeds o. Ṣé ara ìyàwó àti àwọn ọmọ le? Tiwa níbí kò burú, a dúpẹ́.

O béèrè anime kan, ìyẹn eré àwòrán ilẹ̀ Japan, tó dá lórí ayé lẹ́yìn ìparun, èyí tí kò ní jẹ́ ìjà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, tí wàá ṣì máa rò lọ́kàn lẹ́yìn tó o bá ti pa tẹlifíṣọ̀n. Ergo Proxy ni kó o wá. Apá 23 ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò sì ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 25 lọ. Ilé iṣẹ́ Manglobe ní Japan ló ṣe é, orí ìkànnì tẹlifíṣọ̀n WOWOW ló sì ti jáde láti oṣù Kejì sí oṣù Kẹjọ ọdún 2006. Shukō Murase ni olùdarí, Dai Satō ló ṣáájú àwọn tó kọ ọ́. Mi ò fẹ́ kàn dárúkọ rẹ̀ kí n sì dákẹ́, torí pé ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń pa á tì lágbedeméjì, bẹ́ẹ̀ ibi tí wọ́n ti ń sá gan-an ni adùn rẹ̀ wà.

Romdo ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀, ìlú kan tí wọ́n fi òrùlé ribiti bò pátápátá nínú ayé tó ti di aṣálẹ̀. Inú ẹ̀rọ ni wọ́n ti ń ṣẹ̀dá ọmọ níbẹ̀, iṣẹ́ tí ọmọ yẹn máa ṣe láyé sì ti wà nílẹ̀ dè é. Kò sẹ́ni tó kúnlẹ̀ yan ohunkóhun. Ìlú ló yàn án fún un. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn ń rọ àwọn èèyàn pé kí wọ́n máa ra nǹkan, kí wọ́n sì máa dà á nù. Róbọ́ọ̀tì tí wọ́n ń pè ní AutoReiv ló ń bá wọn ṣiṣẹ́, ló ń tẹ̀ lé wọn kiri. Fáírọ́ọ̀sì kan wá dé, Cogito lorúkọ rẹ̀, láti inú gbólóhùn Descartes, ọlọ́gbọ́n ará Faransé, pé òun ń ronú, nítorí náà òun wà. AutoReiv tí Cogito bá mú á ní ọkàn tirẹ̀. Wàá sì rí i tí irú wọn ń kúnlẹ̀ bí ẹni tó ń gbàdúrà. Kò sẹ́ni tó kọ́ wọn.

Èèyàn mẹ́ta ni kó o dì mú. Re-l Mayer jẹ́ ọmọ-ọmọ olórí ìlú, iṣẹ́ ìwádìí ló ń ṣe fún ìjọba. Pino jẹ́ AutoReiv tó rí bí ọmọdébìnrin. Vincent Law ní tirẹ̀ jẹ́ àjèjì tó wá láti ìlú Mosk, ó ń forí ṣe fọrùn ṣe kí wọ́n lè kà á sí ọmọ onílùú, iṣẹ́ tí wọ́n sì fún un ni kó máa palẹ̀ àwọn AutoReiv tí fáírọ́ọ̀sì ti mú mọ́. Bó ṣe ń rẹra sílẹ̀ níwájú gbogbo ẹni tó níwèé ìlú lọ́wọ́ á yé ìwọ tó o wà lókè òkun ju bó ṣe lè yé mi lọ.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú rẹ̀ ni òtítọ́ inú àwọn tó ṣe é. Àwọn eré àdììtú kan wà tó jẹ́ pé wọ́n á fi nǹkan pa mọ́ títí dópin, wọ́n á wá ju ìdáhùn sí ọ lójijì. Èyí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó máa yà ọ́ lẹ́nu ti wà níwájú rẹ láti apá àkọ́kọ́. Ṣọ́ ojú Vincent: níbẹ̀rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bíi pé ó ń dijú ni. Kíyè sí ìgbà tó bá là á. Ṣọ́ ohun tó so mọ́ ọrùn. Ṣọ́ ohun tí wọ́n kọ sára dígí ilé Re-l ní apá àkọ́kọ́, kó o má sì gbàgbé rẹ̀. Tẹ́tí sí ohùn Pino pẹ̀lú: Akiko Yajima ló sọ ọ́ lédè Japan, obìnrin kan náà tó sọ ohùn Shin-chan, ọmọ aláìgbọ́ràn inú Crayon Shin-chan, títí di 2018. Bí ohùn ẹ̀rọ yẹn ṣe ń di ohùn ọmọ díẹ̀díẹ̀, ìyẹn nìkan tó ìdí láti wò ó lédè Japan kó o máa ka ìtumọ̀ ìsàlẹ̀.

Òkùnkùn ló kọ́kọ́ ń lé èèyàn sá. Apá méjì àkọ́kọ́ dúdú gan-an, dúdú lórí dúdú, pẹ̀lú eérú àti àwọ̀ ewé tó ti ṣá. Tó o bá wò ó lórí fóònù lọ́sàn-án, ojú ara rẹ nìkan lo máa rí nínú rẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n ni kó o lò, ní alẹ́, pa iná yàrá. Pa ètò tó ń dín ìmọ́lẹ̀ ojú tẹlifíṣọ̀n kù fúnra rẹ̀ nígbà tí àwòrán bá dúdú. Yan 1080p, ìyẹn àwòrán tó mọ́ kedere. Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá fà á wálẹ̀ sí 480p, ibi tó dúdú á bẹ̀rẹ̀ sí í já sí ègé-ègé onígun mẹ́rin, torí pé ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti máa ń gé àwòrán kù jù kó lè fúyẹ́. Díìsìkì Blu-ray ló dáa jù tó o bá rí i rà. Má sì mú un sáré rárá; apá méjì tàbí mẹ́ta lálẹ́ kan ti tó.

Ohun kejì ni orúkọ àwọn ọlọ́gbọ́n. Olórí ìlú ti darúgbó débi pé kò lè sọ̀rọ̀ mọ́, ère mẹ́rin tí wọ́n fi orúkọ àwọn ọlọ́gbọ́n pè ló ń sọ̀rọ̀ fún un: Derrida, Lacan, Husserl àti Berkeley. Àwọn ère tí Michelangelo gbẹ́ sí ibojì ìdílé Medici ní Florence, Òru, Ọ̀sán, Ìdájí àti Ìrọ̀lẹ́, ni wọ́n wò ṣe wọ́n. Àwọn kan ń rí èyí, wọ́n á ní àwọn gbọ́dọ̀ lọ ka ìwé ná. Mi ò gbà. Ohun tí ère wọ̀nyẹn ń ṣe nínú ìtàn hàn kedere: ìlú tí aṣáájú rẹ̀ kò lè lanu mọ́ ti fi òkúta ṣe ẹnu. Ìyẹn tó.

Ohun kẹta ló ń dùn mí jù. Nígbà tí ìrìn-àjò bá bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n wọ ọkọ̀ onígbòkun, ìtàn á dà bíi pé ó ṣìnà, àwọn èèyàn á sì máa fo apá kan. Jọ̀ọ́, má fo ìkankan. Ní apá 11, Vincent jí nínú ilé ìtàwé kan tí ẹnì kan ń fi ìbéèrè dá a lóró. Ohun tó ṣe pàtàkì jù nípa Vincent wà níbẹ̀. Ní apá 16, atẹ́gùn dá, ọkọ̀ kò lè rìn, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Àmọ́ Re-l tó wọ inú apá yẹn kọ́ ló jáde nínú rẹ̀, ìgbéraga rẹ̀ ti já, ó sì ti ń rí àwọn méjì yòókù bí èèyàn.

Apá 15 ni àwọn tó ń fo nǹkan ń kórìíra jù, torí ó kàn di ìdíje ìbéèrè àti ìdáhùn orí tẹlifíṣọ̀n lójijì, pẹ̀lú iná aláràbarà àti ariwo. Bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ohun tó ba ayé jẹ́. Mo lè sọ eléyìí fún ọ láìba eré jẹ́: methane hydrate ló bú gbàmù tẹ̀ léra wọn. Gáàsì tí yìnyín há mọ́ inú ni, lábẹ́ ilẹ̀ òkun àti nínú ilẹ̀ tó dì gbagidi. Òtútù àti ìwúwo omi tó tẹ̀ ẹ́ ló ń dá a dúró. Bí ooru bá dé bá a, tàbí ohun tó tẹ̀ ẹ́ fúyẹ́, gáàsì á tú jáde, kúbíìkì mítà kan rẹ̀ sì lè tú gáàsì tó lé ní 160 kúbíìkì mítà sílẹ̀. Pé á bú káàkiri ayé bẹ́ẹ̀ yẹn, àròsọ ni, ṣùgbọ́n gáàsì fúnra rẹ̀ kì í ṣe àròsọ. Ní oṣù Kẹta ọdún 2013, Japan fa á jáde lábẹ́ òkun ní Nankai, àwọn ló sì kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀ lórí òkun. Àwọn òǹkọ̀wé yìí ti fi í ṣe òpin ayé ní ọdún méje ṣáájú.

Má wá ìtumọ̀ kankan lórí íntánẹ́ẹ̀tì kó o tó parí. Orúkọ Vincent nìkan tó o bá tẹ̀, àṣírí ti tú. Mú ìwé kékeré kan, kọ orúkọ gbogbo ẹ̀dá tí wọ́n bá pè ní Proxy, ìlú tó o ti rí i, àti ohun tó ṣe sí ìlú yẹn. Lẹ́yìn mẹ́ta tàbí mẹ́rin, wàá rí bí wọ́n ṣe jọra.

Tó o bá ti wo apá 11 tán, dá dúró ná, kó o kọ ohun tó o rò nípa Vincent ránṣẹ́ sí mi. Mo fẹ́ kà á kó o tó dé apá 15.

Bá mi kí gbogbo ilé.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Túndé