Edé Tí Màmá Fi Ránṣẹ́

Kúbwá, Àbújá
Ọjọ́ 18, oṣù Kìíní

Ìyá Ayọ̀, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Bàbá Ayọ̀ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Àwa náà wà, ọyẹ́ ló ń bó wa létè. Onílé ti fowó kún owó ilé, ọkọ mi ti padà sẹ́nu iṣẹ́, àbúrò mi ti bí obìnrin. Ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí ló jẹ́ kí n mú bírò lóru yìí.

Àpò edé tí Màmá fi ránṣẹ́ láti Àyétòrò létíkun Oǹdó dé lọ́jọ́ Ẹtì. Mo tú u sórí atẹ, mo jókòó tì í, mo ń ṣà á. Ṣé o rántí bí a ṣe máa ń jà sí ohun tó bá bá edé wọ àwọ̀n? Akàn tí kò tó èékánná, ìkarahun ìgbín òkun bíi hóró ìrẹsì, àti ẹran rírọ̀ yẹn tí ọwọ́ yí ẹnu rẹ̀ ká, tí o máa ń pè ní ìyàwó àlejò. Nínú agbọ̀n kan ṣoṣo, a máa ń ka oríṣi mẹ́sàn-án, mẹ́wàá. Lọ́tẹ̀ yìí mo ṣa odindi àpò tán, akàn méjì péré ni mo rí. Edé fúnra rẹ̀ ti kéré jù. Mo mú ọ̀kan lọ sójú fèrèsé: ẹyin ṣì wà lábẹ́ ikùn rẹ̀, ó lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ wẹ́wẹ́ bí ọkà bàbà. O ṣáà mọ̀ pé edé tiwa kì í sọ ẹyin nù. Àwọn edé ńlá ló ń tú tiwọn sójú agbami, tí ọmọ wọn á wá máa wá ọ̀nà ara rẹ̀ bọ̀ nínú ọ̀sà, lábẹ́ gbòǹgbò igi ẹ̀gbà tó ń hù nínú omi iyọ̀. Tiwa ń gbé ọmọ rẹ̀ kiri títí á fi pa. Ọmọ àtìyá ló kú sórí atẹ mi. Ó dùn mí gan-an.

Déolú wá jókòó tì mí. Olùkọ́ wọn ti sọ fún wọn pé etíkun Nàìjíríà gùn tó kìlómítà 853, ọmọ tí kò tíì fojú kan òkun rí. Ó ní, “Mọ́mì, egungun edé dà?” Mo ní èèpo tó wọ̀ sára ni egungun rẹ̀, tó bá dàgbà jù ú lọ, á bọ́ ọ sílẹ̀ bíi ti akàn. Ó tún bi mí bóyá ohun kan náà ló wà nínú òkun wa àti ti Èkó. Mo ní ẹrẹ̀ ni etíkun tiwa, yanrìn ni tiwọn, ohun tó ń gbẹ́lẹ̀ sínú ẹrẹ̀ kì í gbélé nínú yanrìn. Mo sọ fún un pé nígbà òjò, omi dídùn máa ń ya wá láti òkè, ohun tí kò bá lè gbà á á sá padà sí òkun. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, omi iyọ̀ á wọ ọ̀sà, gbogbo wọn á tún bá a wọlé. Bí mo ṣe sọ ìyẹn tán ni ẹnu mi wọhò. Ẹ̀ẹ̀rùn la wà yìí, Ìyá Ayọ̀. Ìsinsìnyí gan-an ló yẹ kí atẹ kún.

Mo ṣáà gbé e lọ sọ́jà Wúsè. Alhájà kan tó máa ń ra múdù mẹ́ta lọ́wọ́ mi bu ẹ̀kúnwọ́, ó gbé e símú, ó ní kò ní èéfín. Mo gbóòórùn rẹ̀. Òótọ́ ni. Oòrùn ni wọ́n sá a sí.

Màmá kì í sá edé sóòrùn. Ìwọ náà mọ ààrò yẹn, ibẹ̀ lo ti jó lọ́wọ́. Igi ẹ̀gbà ló fi ń yan án láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Mo pè é, ó ní ara òun le, ó ní omi ò tíì dé ọ̀dọ̀ àwọn. Mo bi í léèrè ààrò, ó ní kí n kí ọkọ mi. Àyétòrò tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1947, àdúgbò mélòó ló ti wà lábẹ́ òkun báyìí? Láti ọjọ́ náà, mi ò sùn dáadáa.

Jọ̀ọ́, ọ̀rẹ́ mi, ẹsẹ̀ rẹ ni mo fẹ́ yá. Tó o bá ráyè lọ́sẹ̀ yìí, wọ ọkọ̀ ojú omi láti Ìgbókòdá, lọ wo ẹ̀yìn ilé Màmá fún mi. Màá fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́. Tí ààrò náà bá ti lọ, sọ fún mi bó ṣe rí gẹ́lẹ́, má fi ohunkóhun pa mọ́, kí n lè wá mú Màmá bọ̀ kí òjò tó dé. Má jẹ́ kó mọ̀ pé èmi ni mo rán ọ o. Sọ pé edé lo wá rà.

Èmi ni tìrẹ,
Ìyá Déolú