Lẹ́tà sí Bùkì: òdòdó píìsì àti ọ̀gá yín

Bùkì mi ọ̀wọ́n,

O kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé òtútù Xi'an ò tíì sọ ọ́ di yìnyín? Màmá ń kí ọ, Fúnmi ti bí ọkùnrin (bàbá ọmọ gan-an ni ọmọ jọ), owó epo tún ti gbéra. Ó tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ewì rẹ ló gbé mi dìde.

O ní o fẹ́ fi ọ̀gá yín ṣe òdòdó píìsì nínú ewì, bíi ti Liu Yuxi, akéwì ilẹ̀ Ṣáínà ayé àtijọ́, pé kò sẹ́ni tó máa fura. Ta ló sọ fún ọ pé wọn ò fura sí tirẹ̀? Ka àkọlé ewì ọ̀hún kó o tó ka òdòdó inú rẹ̀. Lọ́dún 805 ni wọ́n lé Liu kúrò ní Chang'an, ìlú tó o wà yẹn náà, torí pé ó wà lára àwọn tó fẹ́ tún ìjọba ṣe. Lọ́dún 815 wọ́n pè é padà. Ó kọ ìlà mẹ́rin péré, ó sì sọ nínú àkọlé pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Langzhou, ibi tí wọ́n lé e lọ, dé ni, òun kàn ń bá àwọn ọ̀gbẹ́ni tó lọ wo òdòdó ṣeré. Eré kẹ̀! Ìlà méjì tó kẹ́yìn ló ta wọ́n lára: ẹgbẹ̀rún igi píìsì ló wà ní ilé ìsìn Xuandu, lẹ́yìn tí Liu lọ ni wọ́n gbin gbogbo wọn. Igi ni àwọn olóyè tuntun. Àwọn tí eruku ń bò lójú lọ́nà ibẹ̀, nínú ìlà méjì àkọ́kọ́, ni àwọn tó ń wá ojúure wọn.

Lọ́dún yẹn náà ni wọ́n tún lé e, wọ́n ní kó máa lọ sí Bozhou, ọ̀nà jíjìn réré. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ Liu Zongyuan, tí wọ́n ń rán lọ sí Liuzhou, bẹ̀bẹ̀ pé kí àwọn pààrọ̀, torí ìyá Liu Yuxi ti darúgbó. Pei Du, ìjòyè ọba, náà bá a bẹ ọba, wọ́n sì yí i sí Lianzhou. (Mo fẹ́ràn rẹ o, àmọ́ bí wọ́n bá gbé ọ lọ sí ẹ̀yìn odi, èmi ò ní bá ọ pààrọ̀.) Ó padà dé lọ́dún 828. Igi píìsì ti tán, òdòdó ẹ̀fọ́ ló gba àgbàlá. Ó tún kọ òmíràn: níbo ni àlùfáà tó gbin píìsì wọ̀nyẹn wà? Liu ọjọ́sí tún ti dé o. Alágídí ọkùnrin!

Ti Su Shi, akéwì míì tó wá lẹ́yìn rẹ̀, tiẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó kọ nípa bàbá ẹni àádọ́rin ọdún tó fi dòjé há ìdí, tó lọ wá ọ̀mùnú ọparun lórí òkè. Ó wá béèrè bóyá Shao, orin àtijọ́ kan, ló mú bàbá gbàgbé adùn oúnjẹ, tó fi ń jẹ ẹ́ lóṣù mẹ́ta láìní iyọ̀. Confucius, ọlọ́gbọ́n ayé àtijọ́, ló gbọ́ orin Shao tí kò mọ adùn ẹran mọ́ fún oṣù mẹ́ta. Su yọ ẹran, ó fi iyọ̀ sí i, torí òfin iyọ̀ ìjọba ti le jù. Lọ́dún 1079 wọ́n tì í mọ́lé, ó sì jẹ́wọ́ èyí. Ó tún kọ pé gbòǹgbò igi júnípà kò wọ́ títí dé ìsàlẹ̀ ilẹ̀, dírágónì tó sùn síbẹ̀ nìkan ló mọ̀ ọ́n. Wang Gui, ìjòyè ọba, sọ fún ọba pé èébú ni, pé dírágónì ojú ọ̀run ni Kábíyèsí. Wọ́n ní ọba ọ̀hún, Shenzong, dáhùn pé: igi ló ń kọ nípa rẹ̀, kí ló kàn mí?

Ṣó o rí i? Igi kọ́ ló gba Su sílẹ̀ lórí ẹ̀sùn yẹn. Ọba ló yàn láti má gbọ́. Síbẹ̀ wọ́n ṣáà lé e lọ sí Huangzhou. Ọ̀gá tìrẹ ńkọ́, ṣé ó mọ bí a ṣe ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́?

Nǹkan tó tiẹ̀ ń dẹ́rù bà mí ni pé o fi àwọ̀ mọ́tò rẹ̀ síbẹ̀, o fi ọdún tó gorí àga síbẹ̀. Àṣamọ̀ wo nìyẹn? Akéwì Bai Juyi ń sọ̀rọ̀ ọba Tang, ìdílé ọba ìgbà ayé rẹ̀, àmọ́ ọba Han, ìdílé ọba tó ti kọjá tipẹ́, ló pè é. Akéwì Du Fu náà ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tó ń bá ìjọba wí lórí ogun. Bó bá sì ṣe pé o kàn fẹ́ kọ̀ láti bá wọn ṣe ẹgbẹ́ wọn ni, akéwì Zhang Ji ni kó o wò. Li Shidao, gómìnà ológun, ń fà á mọ́ra. Nínú ewì rẹ̀, Zhang sọ ara rẹ̀ di ìyàwó ilé tí ọkùnrin kan fún ní péálì méjì: ó so ó mọ́ aṣọ pupa rẹ̀, ó ní òun mọ rírì rẹ̀, ó wá fi omijé dá a padà pé ká ní wọ́n ti pàdé kóun tó lọ́kọ ni. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó sì ti kọ̀.

Jọ̀ọ́, má tíì fi ewì yẹn sórí WhatsApp ibi iṣẹ́ yín. Fi ránṣẹ́ sí mi ná, kí n bá ọ yọ mọ́tò kúrò níbẹ̀. Bí ẹnì kan bá sì ń bọ̀ wálé lóṣù Kejìlá, bá mi fi ìwé Bai Juyi rán an, èyí tó ní àlàyé tí lẹ́tà rẹ̀ tóbi. Màá san owó rẹ̀ fún Màmá yín.

Èmi ni,
Ṣadé