Sí Àbẹ̀kẹ́, nípa ìyá tó gbé ọmọ wá

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ìwé ìfẹ̀yìntì mi ti tẹ̀ mí lọ́wọ́. Lẹ́yìn oṣù yìí, ẹlòmíràn ni yóò máa yẹ ojú àwọn ọmọ wò ní kílíníìkì wa n'Ílọrin. Inú mi dùn, ara mi náà sì ń béèrè ìsinmi. Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò fẹ́ bá ọ sọ lórí fóònù, torí ìwọ náà ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ojú ọmọdé ní Ọ̀fà.

Má jágbe mọ́ ìyá tó gbé ọmọ wá.

Mo mọ̀ pé yóò máa ṣe ọ́ bíi kí o jágbe. Wàá rí ọmọ tí ojú rẹ̀ ti ń pọ́n tipẹ́, tí wọ́n ti kán omi ọmú sí i, tí wọ́n kán ìtọ̀ sí i, tí wọ́n fún oje ewé sí i. Láti ìgbà tí àrùn ojú pípọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ní Gánà lọ́dún 1969 ti jà dé ọ̀dọ̀ wa, Àpólò ni wọ́n ń pe gbogbo ojú pípọ́n, wọ́n sì gbà pé yóò lọ fúnra rẹ̀. Èyí tó máa ń bà mí lọ́kàn jẹ́ jù ni oògùn ojú tí wọ́n rà ní kẹ́míìsì láìsí ìwé dókítà. Bí sìtẹ́rọ́ìdì, oògùn tó ń mú pípọ́n rọlẹ̀, bá wà nínú rẹ̀, ojú á kọ́kọ́ mọ́, ìyá á dúpẹ́, á tún ra òmíràn, gilókómà, àrùn tó ń fọ́ ojú díẹ̀díẹ̀, sì lè máa rọra wọlé. Tí o bá ti jágbe, ohun tí yóò sọ ni, "Dókítà, mi ò fi nǹkan kan sí i o." Ìwọ á wá máa tọ́jú ohun tí o kò mọ̀.

Jókòó kí ojú yín ṣe déédéé. Dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó wá. Béèrè orúkọ ọmọ, kí o sì pè é. Lẹ́yìn náà ni kí o bi í pé, "Kí lẹ ti bá a lò kẹ́ ẹ tó débí?" Yóò tú etí ìró rẹ̀, yóò mú ìgò náà jáde.

Bí ìyá bá ní òun ń rí funfun nínú ẹyinjú ọmọ lálẹ́, gbà á gbọ́, bí ìwọ kò tilẹ̀ rí nǹkan kan nígbà tí o kọ́kọ́ tanná sí i. Kán oògùn tó ń la ẹyinjú, kí o wo ẹ̀yìn ojú náà kó tó kúrò níwájú rẹ. Ó lè jẹ́ kátáráàtì, ìyẹn kí dígí inú ojú di funfun, ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ, kò sì sí èyí tó ń dúró nínú wọn. Kátáráàtì tí wọ́n bí mọ́ ọmọ, bí a ò bá tètè yọ ọ́ láàárín oṣù méjì àkọ́kọ́, ọpọlọ lè má kọ́ ìríran tó péye mọ́. Mo ti yọ èyí tó mọ́ kedere rí, tí ọmọ kò sì ríran dáadáa, torí wọ́n ti ní kó kọ́kọ́ dàgbà ná.

Lọ́pọ̀ ìgbà, ìyá àgbà ló ń sọ bẹ́ẹ̀, ìfẹ́ ló sì fi ń sọ ọ́. Ẹ̀rù abẹ ń bà á. Bó bá tẹ̀lé wọn wá, kúnlẹ̀ kí i, pẹ̀lú aṣọ dókítà lọ́rùn rẹ. Òun ni kí o ṣàlàyé iṣẹ́ abẹ fún. Ìyàwó ilé kì í fọwọ́ síwèé tí ìyá ọkọ kò tíì gbà sí.

Mo ti darí ọmọbìnrin kékeré kan láti Ẹ̀rìn-Ilé sí ọ, kí owó ọkọ̀ Ìlọrin má baà máa dà wọ́n láàmú. Mo ti yọ kátáráàtì ojú òsì rẹ̀. Ojú ọ̀tún ni wọ́n ń dì, kí ti òsì lè ṣiṣẹ́, àmọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tú u nílé. Ìyá àgbà rẹ̀ ni yóò gbé e wá lọ́jọ́bọ̀. Bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́, kí o sì jẹ́ kí n gbọ́ bó ṣe lọ.

Èmi ni,
Ìyá rẹ