Ìwé àdéhùn tí a dà kọ kò mọ iṣẹ́ wa

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè nínú ìwé ìròyìn yín láti sọ̀rọ̀ lórí àṣà kan tó ti gbilẹ̀ láàárín àwa oníṣòwò kéékèèké ní Iléṣà, láti ọjà Àtakúnmọ̀sà títí dé Èrèjà. Bí ẹnìkan bá fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù, tàbí tó fẹ́ dòwò pọ̀ pẹ̀lú ọ̀rẹ́, ọ̀dọ̀ oníkọ̀ǹpútà ló ń lọ. Wọ́n á yọ ìwé àdéhùn ẹlòmíràn jáde, wọ́n á pààrọ̀ orúkọ, tọ̀tún-tòsì á sì buwọ́ lù ú.

Mo mọ oníbúrẹ́dì kan tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwé ẹni tó gba yàrá gbé ni wọ́n dà kọ fún un. Ó sọ̀rọ̀ lórí gíláàsì fèrèsé àti owó iná, ó tilẹ̀ ní kí ayálégbé má sin ajá, ṣùgbọ́n kò sọ ohunkóhun nípa ààrò bíríkì tí ọkùnrin náà fẹ́ mọ àti kànga ẹ̀rọ tó fẹ́ gbẹ́. Nígbà tó fẹ́ kó lọ, onílé ní ohun tí a bá ti rì mọ́lẹ̀, ti onílẹ̀ ni. Ìlànà òfin àtijọ́ sì nìyẹn. Lóòótọ́, òfin fún oníṣòwò láyè díẹ̀ lórí irinṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló lè hú kànga gbé? Agbẹjọ́rò tó bá kọ́kọ́ béèrè pé, "Kí lẹ fẹ́ fi ṣọ́ọ̀bù yìí ṣe?" ì bá ti fi gbólóhùn kan yanjú rẹ̀ kí wọ́n tó buwọ́ lùwé.

Ti CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ okòwò sílẹ̀, náà ń kọ́? Ọ̀pọ̀ wa rò pé bí ìwé-ẹ̀rí bá ti wà lára ògiri, ó parí. Orúkọ ìṣòwò lásán kò ya oníṣẹ́ kúrò lára gbèsè iṣẹ́ rẹ̀. Ilé àti ọkọ̀ rẹ̀ ni olówó lè dojú kọ. Kọ́ńpìnnì tí gbèsè rẹ̀ ní ààlà (èyí tí wọ́n ń pè ní Limited, tí gbèsè rẹ̀ kì í sábà dé ilé ẹni tó ni ín) yàtọ̀, òfin kọ́ńpìnnì, CAMA, ti ọdún 2020 sì gba ẹnìkan ṣoṣo láyè láti dá a sílẹ̀. Aránṣọ tó ń lo ẹ̀rọ kan lè má nílò rẹ̀ rárá. Ẹni tó ń ta gáàsì ìdáná láàárín ilé ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí, torí bí iná bá ṣẹ́ yọ, gbèsè rẹ̀ lè ju ọjà rẹ̀ lọ.

Lórí gbèsè, àwọn baba wa Òṣómàáló tajà láwìn, wọ́n sì mọ bí wọ́n ṣe ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè. Àgọ́ ọlọ́pàá ni tiwa, bẹ́ẹ̀ abala 32 nínú Òfin Ọlọ́pàá ọdún 2020 sọ pé a kò gbọ́dọ̀ mú ènìyàn kìkì nítorí pé ó yẹ àdéhùn. Ẹni tó ní kí wọ́n ti onígbèsè mọ́lé lè di ẹni tí wọ́n ń pè lẹ́jọ́.

Àwọn kan á ní owó lọ́yà ti wọ́n jù. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn lọ́yà kan náà sì wà tó jẹ́ pé ìwé kan ṣoṣo ni wọ́n ń fà yọ fún gbogbo ẹni tó bá wọlé. N kò rí ìyàtọ̀ láàárín wọn àti oníkọ̀ǹpútà. Mo wá ń rọ ẹ̀ka ẹgbẹ́ agbẹjọ́rò NBA ní Iléṣà pé kí wọ́n kéde iye tí oníṣòwò kékeré yóò san fún ìjókòó wákàtí kan, kí àwọn olórí ọjà àti ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ sì ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lóṣooṣù tí agbẹjọ́rò yóò máa bá kálukú jókòó lọ́tọ̀, pẹ̀lú ìwé tó ti buwọ́ lù lọ́wọ́ rẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Oníṣòwò kan,
Iléṣà, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.